Ohun Tí Mahfuz Ń Tà Kì Í Ṣe Oògùn Ọmọ Mi

                                        Ìsọ̀ Alhaji Àbúdù Aláṣọ,
                                        Ọjà Adjamé,
                                        Abidjan, Côte d'Ivoire.
                                        Àlàmísì, 6 Novembre 2025.

Ṣẹ̀rífù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ ìyà kan náà,

Ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Kumasi lọ́dún 1969 pẹ̀lú ẹrù kan ṣoṣo lórí, tí ẹrù náà sì bọ́ sómi kó tó kọjá ibodè. Ẹni tó sun orí páálí ní Treichville, ní Abidjan níbí, fún oṣù mẹ́rìnlá, tí òjò ń pa á lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ru bẹ́ẹ̀lì aṣọ títí àtàrí rẹ̀ fi pá, tí irun ibẹ̀ kò sì hù mọ́ títí di òní. Ẹni tí ọlọ́pàá kó lẹ́ẹ̀mẹfà nítorí káàdì ìgbélùú. Ẹni tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn jàǹdùkú sì wá kó ìyókù lọ nígbà ogun 2011. Ẹni tó sin ìyàwó kan àti ọmọkùnrin kan sí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba rẹ̀: òun náà ló jókòó tó ń kọ ìwé yìí sí ọ. O mọ gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo wà lórí páálí kejì. Mo kàn fẹ́ kí o rántí ẹni tí mo jẹ́ kí o tó kà á síwájú ni, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ló mú mi kọ̀wé. Inú ló ń bí mi, Ṣẹ̀rífù.

Ṣùgbọ́n inú kì í bíni ká má kíra ẹni. Báwo ni ara? Orúnkún ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà ọ́ láyè láti fi orí kanlẹ̀ nígbà ìrun, àbí orí àga lo ṣì ń jókòó kírun sí? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òjò fi àgbàdo yín sílẹ̀ lọ́dún yìí? Etí rẹ ni kò jẹ́ kí n pè ọ́. Tí mo bá pariwo lórí fóònù, gbogbo Adjamé ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi àfi ìwọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́, tí mo sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í sí.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ilé mi ní Bingerville ti parí, alájà mẹ́ta, mo lẹ táìsì mọ́ iwájú rẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ á dẹsẹ̀ dúró, á béèrè pé ilé mínísítà wo nìyí. Èmi tí n kò kọjá ìwé kejì! Ìsọ̀ mẹ́ta, ọmọ mẹ́jọ, Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ràmílátù ló kàwé jù, òun ni dókítà tó ń ṣe ìwádìí oògùn ní Cocody. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí èmi ni mo ń sọ fún gbogbo ayé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, Ràmílátù mú mi lọ wo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ funfun fún mi, wọ́n fi ọ̀rá bò mí lẹ́sẹ̀, mo dà bí ẹni tó fẹ́ lọ yọ oyin nínú afárá. Ó mú ìgò kékeré kan, tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó sì yí i dojú dé. Ohun inú rẹ̀ kò dà. Ó ń dán gbinrin, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Mo ní kí nìyí? Ó ní omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Bàbá. Mo ní omi wo la ń dojú rẹ̀ dé tí kì í dà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó.

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́nà tí orí mi fi gbà á. Ó ní ègé kéékèèké èròjà amúaradàgbà kan wà, tí wọ́n ń pè ní pẹptídì. Tí wọ́n bá da àwọn ègé yìí sómi, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á hun ara wọn bí àwọ̀n apẹja, omi á wá há sáàárín wọn; ìyẹn ló ń mú un dì. Inú àwọ̀n yìí ni wọ́n ń fi oògùn jẹjẹrẹ pamọ́ sí. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ tì í, á ṣàn. Bó bá dé inú ara, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó jẹjẹrẹ náà, á tún dì, á jókòó síbẹ̀, á sì máa tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tó bá ṣe, ara fúnra rẹ̀ á jẹ àwọ̀n náà tán. Ó ní oògùn tí wọ́n ń fà sí aláìsàn níṣan nísinsìnyí, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní ṣimió, gbogbo ara ló ń rìn kiri. Ó ń pa jẹjẹrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kó irun, èékánná àti inú mọ́ ọn, bí ẹni tó fẹ́ bomi rin igi kan tó wá jẹ́ kí omi ya wọ gbogbo oko. Tiwọn yìí, ìdí igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fẹ́ kó máa bomi sí.

Ṣẹ̀rífù, èmi tí mo fi orí ru bẹ́ẹ̀lì, mo dúró níbẹ̀, omi ń dà lójú mi. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ. Ó wá sọ ọ̀kan kún un tí n kò gbọ́. Rárá, kí n sọ òótọ́ fún ọ: mo gbọ́ ọ, mo tì í sẹ́yìn ni. Ó ní eku funfun nìkan ni wọ́n tíì dán an wò lára. Eku mẹ́rìnlélógún. Kókó ara àwọn kan sún kì, ti àwọn kan kò sún kì. Ó ní kó tó kan ènìyàn, ọdún mẹ́wàá lè kọjá, ó sì lè má kan ènìyàn láéláé.

Àlàádì tó tẹ̀lé e ni ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá níbí. O mọ̀ pé èmi ni alága, ọdún kọkànlá rèé. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ oore Ọlọ́run, mo dìde, mo ní kí wọ́n bá mi ṣàdúrà fún Ràmílátù, torí ó ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Bí mo ti wí i nìyẹn. N kò sọ̀rọ̀ eku. Ta ní í sọ̀rọ̀ eku níbi tí wọ́n ti ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀? Mo fi ọwọ́ júwe bó ti yí ìgò náà dojú dé tí kò dà, gbogbo ilé hó yèè. Sẹ̀kínà, àbúrò rẹ, wà ní ìlà kejì. Ó wé gèlè mọ́lẹ̀ dáadáa torí ṣimió ti kó irun orí rẹ̀ lọ. Ó ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin nínú mẹ́jọ tí wọ́n kọ fún un, kókó ọmú òsì rẹ̀ sì ti ń rọ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sí ẹni tó ṣe àmín tó o.

Mahfuz náà wà níbẹ̀. Òun ni akọ̀wé wa. O mọ baba rẹ̀ dunjú, ọ̀gá wa tó yọ̀ǹda ẹ̀bá ìsọ̀ rẹ̀ fún èmi àti ìwọ láti máa sùn nígbà tí a kò mọ ẹnì kan ní Treichville. Nítorí baba yẹn ni mo ṣe fi ọmọ rẹ̀ ṣe akọ̀wé. Bó ti jókòó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo rò pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn báyìí, mo wà ní ìsọ̀ mi, mo ń ka aṣọ, nígbà tí obìnrin Dyula kan, ẹ̀yà oníṣòwò ilẹ̀ ibí, wọlé. Kadidja ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Sẹ̀kínà ló ti ń ta ìkòkò ní Koumassi, àdúgbò Abidjan níbí, kì í ṣe Kumasi ti Gánà. Ó kí mi bí wọ́n ti ń kí àgbà, ó wá yọ agolo funfun kan nínú àpò. Ó ní, “Baba, ṣé tòótọ́ ni pé ọmọ yín ló ṣe èyí? Ìyá mi ní jẹjẹrẹ, mo fẹ́ rà á fún un, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín.” Mo gba agolo náà. Àwòrán Ràmílátù ló wà lára rẹ̀, nínú aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo ya àwòrán yẹn, Ṣẹ̀rífù! Èmi ni mo fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí gbogbo wọn lè rí i. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ ní Faransé pé jẹ́lì dókítà Ràmílátù, oògùn jẹjẹrẹ, kí a máa fi pa ojú ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Kadidja nìkan ló tú ọjà wò kó tó rà á. Ọmọ Dyula ni, kò mọ̀ mí rí, kò ka ẹnu mi sí nǹkan kan. Ọlọ́run ti fi ìyẹn gbà á. Àwọn tiwa tó mọ̀ mí ni kò béèrè.

Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo lọ bá Mahfuz nídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ó to agolo náà bí ẹni tó ń to tìmáàtì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mahfuz, kí ló wà nínú nǹkan yìí?” Ó fi èdè ọmọ ìta tí wọ́n ń sọ níbí dá mi lóhùn, “Vié, ya fọ́yì,” ìyẹn ni pé bàbá, kò sí wàhálà kankan. Ó ṣí ọ̀kan, ó dojú rẹ̀ dé níwájú mi àti níwájú àwọn tó fẹ́ rajà. Ó ní, “Ẹ wò ó, kò dà. Ṣé bí bàbá ti júwe rẹ̀ kọ́ nìyẹn?” Àwọn obìnrin náà wò mí, wọ́n sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí, lójú ara mi! Mo ní n ó pe ọlọ́pàá. Ó yọ ìwé ìpàdé jáde láti abẹ́ tábìlì, ó ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ náà. Ó ní, “Alága, ohun tí ẹ sọ ni mo kọ. Ẹ ka ìsàlẹ̀. Ìbuwọ́lù ta nìyí?”

Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Ṣé mo máa ń kà á ni? Ọdún kọkànlá rèé, gbogbo ìwé tí akọ̀wé bá gbé wá, ńṣe ni mo ń bu ọwọ́ lù ú kí wọ́n lè tètè gbé oúnjẹ jáde. Mo gbá a létí. Mo fẹ́ gbá a ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn onímọ́tò dì mí mú. Kí Ọlọ́run forí ji baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbátí yẹn kò tíì tó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe Ràmílátù wá sílé, mo gbé agolo náà fún un. Inú mi ń bí, mo retí pé inú á bí òun náà, kí a jọ kọjú ìjà sí Mahfuz. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka rá a. Ó ní jẹ́lì tí àwọn ọmọge fi ń tẹ́ irun ni, wọ́n po ìpara olóòórùn títa mọ́ ọn, èyí tí à ń fi para nígbà òtútù. Mo ní, “Ṣùgbọ́n kò dà.” Ṣẹ̀rífù, ó wò mí. Ó ní, “Bàbá, ìpara kì í dà. Ẹ̀kọ kì í dà. Ṣé gbogbo ohun tí kò bá ti dà ló ń wo jẹjẹrẹ?” Mo ní Mahfuz ni olè, Mahfuz ni apànìyàn. Ó dé agolo náà padà, ó wá sọ ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ sọ fún baba. Ó ní, “Mahfuz kò ta nǹkan kan, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ tà á. Òun kàn ń gbé e fún wọn ni.”

Ọmọ tí mo ta ilẹ̀ kó lè kàwé! Mo lé e jáde nílé. Kò tún wá láti ọjọ́ náà. Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti pè é, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé bí àwòrán rẹ̀ ṣe dé ara agolo ọjà. Ó sọ fún wọn pé ẹnì kan ní ìdílé òun ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kò dárúkọ mi. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Ta ló ní kó bò mí?

Mo pe àwọn àgbà ẹgbẹ́ jọ. Mo rò pé wọ́n á dìde. Wọ́n ní kí n fi sùúrù ṣe é, kí a pe Mahfuz sí kọ̀rọ̀, kí a fa etí rẹ̀, kí a má jẹ́ kí àwọn onílùú mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ló ń ta oògùn ayédèrú. Ọ̀kan nínú wọn tún ní tí mo bá dìde sọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ojú ẹgbẹ́ ni yóò tì. Mo bi í pé ojú ta ni yóò tì tí Sẹ̀kínà bá kú? Ó bu orógbó jẹ.

Ó yá, gbọ́ ti Sẹ̀kínà wàyí, torí òun ni mo ṣe ń kọ̀wé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ràmílátù ránṣẹ́ sí mi láti ẹnu ìyá rẹ̀ pé òun ti béèrè ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní Sẹ̀kínà kò wá fún ṣimió rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Mo wa mọ́tò mi lọ sí Koumassi. Mo bá a níwájú ìkòkò rẹ̀, òórùn ìpara náà ń ta sí mi nímú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, irun orí rẹ̀ ti ń hù. Ó fi í hàn mí, ó ń yọ̀ bí ọmọdé. Ó ní, “Ẹ wo irun mi, Ẹ̀gbọ́n. Ṣimió kò lè ṣe èyí. Jẹ́lì ọmọ yín ló ṣe é.” Mo ní, “Sẹ̀kínà, torí pé o fi ṣimió sílẹ̀ ni irun rẹ fi hù. Kókó náà ńkọ́?” Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ó tún ti le díẹ̀, ó ní Mahfuz sọ pé bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì kó tó yọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti eku. Mo sọ ti jẹ́lì irun. Mo kúnlẹ̀, Ṣẹ̀rífù, èmi Àbúdù, lórí iyanrìn Koumassi, lójú Kadidja àti gbogbo àwọn tó ń ná ìkòkò. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Àbúdù, nígbà tí ẹ ní ó dára, mo gbà yín gbọ́. Ẹ tún ní kò dára mọ́, kí n tún gbà yín gbọ́. Ẹnu yín wo ni kí n mú?” Kadidja ní, “Sẹ̀kínà, má bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ báyìí.” Ó ní kí Kadidja gbẹ́nu dákẹ́. Ó ní òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn olówó Cocody ti fẹ́ ra oògùn náà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn tálákà. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó mú mi dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní kí ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé kí n fi ṣimió sílẹ̀. Ó ní tí Àbúdù bá ti ní ọjà kan dára, kí n má wulẹ̀ tú u wò.”

Ìwọ, Ṣẹ̀rífù! Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀!

N kò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bú nínú rẹ. Ọmọ tí ìyá yín fi sí ọ lọ́wọ́ nígbà tó ń kú lọ, tó jẹ́ pé ìwọ lo fà á fọ́kọ, tó jẹ́ pé tí o bá ní kó jókòó sórí iná á jókòó, òun lo ní kó kúrò lọ́dọ̀ dókítà? Nítorí ọ̀rọ̀ tí o gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn? Kí ló dé tí o kò bi mí? Etí rẹ di, ṣé ọwọ́ rẹ náà di ni? O kò lè kọ ìlà kan pé Àbúdù, ṣé òótọ́ ni?

Bí mo ti dá a sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì jókòó sínú mọ́tò, n kò ṣíná sí i. Torí mo mọ ìdí tí o kò fi béèrè. Fún ogójì ọdún, ìwọ ń ra bẹ́ẹ̀lì ní Lomé, o ń fi ránṣẹ́ sí mi, n kò sì fi ọ̀bẹ kan ọ̀kan rí kí n tó tà á. Tí o bá ti ní aṣọ inú rẹ̀ dára, ó dára nìyẹn. Èmi náà, tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà Bouaké, wọ́n á gbé e sórí mọ́tò láìtú okùn. Bí a ti ṣe là nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí ilé ẹjọ́, ẹnu wa ni. O rántí bẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí omi òkun ti wọ̀, tí obìnrin Bouaké yẹn tú u tí aṣọ rẹ̀ ń fà ya bí bébà? A fi méjì rọ́pò rẹ̀, a sì lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó dára, aṣọ nìyẹn. Aṣọ tó jẹrà, a lè fi òmíràn dípò. Ta ni ìwọ àti èmi fẹ́ fi dípò Sẹ̀kínà?

N kò tú u wò, Ṣẹ̀rífù. Mo fọwọ́ sọ̀yà lórí ọjà tí ẹni tó ni ín gan-an sọ fún mi pé kò tíì délé. Torí pé ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo bí mo ti ń bínú sí Mahfuz, tí mo ń bínú sí àwọn àgbà, tí mo ń bínú sí ọ, ibi tí inú náà ti ń gbóná jù, àyà tèmi ni. Ẹyin lohùn, o mọ ìyókù rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó máa wo èèpo rẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé, má sì yí i padà. Àlàrùbá tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ kejìlá, ni ṣimió Sẹ̀kínà tó kàn. Ràmílátù ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Dókítà ní tó bá tún pa èyí jẹ, jẹjẹrẹ náà lè kúrò lọ́mú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní ṣe é lé jáde níbẹ̀. Bí ìwé yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ní kí ìyàwó rẹ bá ọ tẹ fóònù, kí o sọ ohùn rẹ sínú rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí Sẹ̀kínà. Ohùn tìrẹ gan-an, kí ẹlòmíràn má bá ọ sọ ọ́. Má bẹ̀ ẹ́. Pàṣẹ fún un bí o ti ń pàṣẹ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Kí o sì sọ fún un pé Àbúdù purọ́. Má ṣe sọ pé Àbúdù ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ìyẹn á fún un láàyè. Purọ́ ni kí o wí. Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó pè mí ní òpùrọ́ rí tí mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀; tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, tó sì mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o sọ ọ́, á gbà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé èlùbọ́ tó fi ránṣẹ́ dé, kòkòrò kò wọ̀ ọ́. Bá mi kí ìmáàmù àdúgbò wa. Kí àwọn ọmọ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, sì sọ fún àgbà inú wọn pé n kò tíì gbàgbé fìlà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti ní agolo náà lọ́wọ́, ní kó dà á sí ṣáláńgá.

Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti pé lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ Àlàádì, n ó dìde ní ìpàdé, kò sí àgbà tó máa fà mí láṣọ jókòó. N ó sọ ti eku mẹ́rìnlélógún fún wọn ní Yorùbá àti ní Faransé, n ó sì fi ipò alága sílẹ̀ kí n tó jókòó. Lọ́jọ́ Àtìní, n ó mú agolo kan àti ìwé ìpàdé tí mo buwọ́ lù, n ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá ní kí èmi náà wọlé, n ó wọlé. Lọ́jọ́ Àtàlátà, n ó lọ sí Cocody, n ó dúró níta títí Ràmílátù á fi jáde, n ó bẹ ọmọ mi. Ní òwúrọ̀ Àlàrùbá, bí wọ́n bá ti kírun tán, mọ́tò mi yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà Sẹ̀kínà ní Koumassi. Bó fẹ́ kó bú mi, kó bú mi. Bó fẹ́ kó tutọ́ sí mi lára, kó tu ú. N ó gbé e lọ, n ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, n kò sì ní dìde níbẹ̀ títí oògùn inú ike náà yóò fi kán tán.

Èmi ni, ẹni tó wà lórí páálí kìíní,
Àbúdù.